Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ mi náà

Tí ọkọ bá kú, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó kàn. Àwọn àáfà á dé, wọ́n á sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, fídáù ọjọ́ kẹjọ á pé, ìyàwó á wọ opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 bí Kùránì ṣe là á kalẹ̀, èrò á máa wọlé, á máa jáde. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi jókòó ní pálọ̀ wa, wọ́n ń sọ bí kì í ṣeé bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti na Shooting Stars, a tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀ yẹn.

Nígbà tí ọmọ mi tẹ̀ lé e, ilé pa lọ́lọ́. Àníkẹ́ mi, ọmọ prámárì fáìfù. Wọn ò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ, kí n sì tó jáde nínú yàrá wọ́n ti di gbogbo aṣọ ẹ̀ àti bàtà síkúù ẹ̀ sínú báàgì Ghana Must Go, wọ́n ti gbé e lọ. Ẹni tó bá wá kí mi á ní ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́, kíá ló máa yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan míì. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ ẹ̀.

Mi ò bá àwọn àgbà jà lórí ẹ̀ o. Láyé tí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ìgbóná ń jà láti ilé dé oko, ìyá tí wọ́n bá jẹ́ kó jókòó ti sàréè ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ní dìde mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tá a jọ ń pọn omi yẹn ti lọ, mi ò sì fẹ́ omi míì, omi tó dànù yẹn gan-an ni mò ń sunkún ẹ̀.

Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan wà, Joan Didion. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2003, òun àti ọkọ ẹ̀, John Gregory Dunne, dé láti ọsibítù níbi tí Quintana, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ti dákú lọ gbári, wọ́n fẹ́ jẹun alẹ́ nílé wọn ní New York, ibẹ̀ ni ọkọ ti ṣubú tó kú. Ó kọ ìwé nípa ọkọ yẹn, kí ìwé ọ̀hún sì tó dórí àtẹ, lóṣù Kẹjọ 2005, Quintana náà kú lẹ́ni ọdún 39. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi kọ ti ọkọ, ìwé tó ti wá sọ̀rọ̀ ọmọ, ó di 2011 kó tó jáde. Ó sọ pé òun ò lè kó bàtà ọkọ òun fún èèyàn, torí tó bá padà dé, kí ló fẹ́ wọ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ mo pa ìwé dé, mo sunkún títí, bàtà síkúù yẹn ni mò ń rí.

Mark Twain, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà míì, ní tiẹ̀, ọmọ ẹ̀ Susy kú ní 1896, ìyàwó ẹ̀ kú ní 1904, ọmọ ẹ̀ míì, Jean, tún kú láàárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1909. Ọjọ́ yẹn gan-an ló jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ikú Jean. Kò tẹ̀ lé òkú lọ sí ìlú Elmira tí wọ́n ti sin ín, ojú ẹ̀ ò gbà á mọ́. Bàbá tí kò gbọ́ nípa àṣà wa rí! Ṣùgbọ́n kò dákẹ́, ó kọ nípa àwọn ẹ̀bùn Kérésì tí ọmọ yẹn ti tò sílẹ̀ de àwọn èèyàn.

Èmi náà ń kọ, lórí fóònù, lóru, tí oorun bá kọ̀ tí ò wá. Ti ọkọ mi máa ń wá bí ìtàn, mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ mi, gbólóhùn kan, gbólóhùn méjì ni. Bó ṣe máa ń yọ pọ̀nmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ dìgbà tó bá jẹun tán. Lọ́sẹ̀ tí síkúù ní kí wọ́n di ṣùkú, tó fárígá pé kòlẹ́sẹ̀ lòun máa dì. Ẹnì kan ní kí n yé kọ ọ́, pé mò ń fọwọ́ ara mi ṣí egbò. Egbò wo? Ṣé ó jinná rí ni?

Lẹ́yìn tí èrò ti tán, tíṣà ẹ̀ wá kí mi. Ó ní ọmọ kan wà ní kíláàsì wọn tó ń kólòlò, pé lásìkò ìsinmi Àníkẹ́ máa ń mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì láti kọ́ ọ ní ewì tí wọ́n ní kí wọ́n há sórí, tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń gbọ́, ọmọ yẹn kì í kólòlò. Mi ò gbọ́ ọ rí o! Kò sọ fún mi. Ọmọ mi ṣe nǹkan tuntun fún mi lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tó ti lọ, kò sì sí àdúrà tí wọ́n gbà fún mi tó tó ìyẹn.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń lọ ilé kéú, tẹ́ ẹ bá rántí nǹkankan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó jẹ́ pé ó bà yín nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ fi ránṣẹ́, mo fẹ́ gbọ́ ìyẹn náà.