Bébà Àkàrà

Òjò ò jẹ́ kí n tètè kúrò nídìí àkàrà láàárọ̀ yìí. Mo jẹ tán, mo wá ń ka bébà ìwé ìròyìn Yorùbá tí ìyá alákàrà fi dì í. Epo ti rin ín débi pé lẹ́tà ẹ̀yìn ń hàn síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni V. T. Bhattathiripad, òǹkọ̀wé eré ìtàgé kan, ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

Ará Kerala ní Íńdíà ni, 1896 ni wọ́n bí i, sínú ẹ̀yà Namboodiri, àwọn àlùfáà onílẹ̀. Síbẹ̀ ó ti ń dàgbà di géńdé, ó ti ń bọ òrìṣà ní tẹ́ńpìlì, kò tíì lè ka èdè Malayalam tó ń sọ lẹ́nu. Ọmọdébìnrin kan ló gbé iṣẹ́ iléèwé wá bá a pé kó ran òun lọ́wọ́. Ojú tì í gan-an. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló ti wá kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kọ́kọ́ dá kà ni ìpolówó agboòrùn, lára bébà tí wọ́n fi di ṣúgà ìrèké.

Agboòrùn! Agboòrùn ewé làwọn obìnrin Namboodiri fi ń bojú nígbà náà bí wọ́n bá jáde, kí ọkùnrin má baà rí wọn. "Ará inú ilé" ni wọ́n ń pè wọ́n. Àkọ́bí ọkùnrin nìkan ló ń fẹ́ ìyàwó láàárín ẹ̀yà náà, ọ̀pọ̀ ọmọge sì ń bọ́ sọ́wọ́ arúgbó. Bí arúgbó bá kú, opó ò gbọdọ̀ lọ́kọ mọ́.

Ní 1929, wọ́n ṣe eré tí Bhattathiripad kọ, Láti Ilé Ìdáná Bọ́ Sórí Ìtàgé. Ọmọge ní olólùfẹ́, àwọn àgbà fẹ́ fi í fún bàbá arúgbó. Níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ Namboodiri fúnra wọn ló ti fi àṣà wọn ṣẹ̀fẹ̀. Kéèyàn fi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ níṣojú wọn, ó gba àyà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó di 1934, ilé rẹ̀ ni Uma, opó tó jẹ́ ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀, ti ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ mi, kí lò ń kà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìpolówó ilẹ̀ ni, mà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n fi ibi tí wọ́n kọ "ilẹ̀" sí han òun. Mo fi ìka sí i. Ó wò ó pẹ́ kó tó padà sídìí agbada.