Màmá tó ń gé fọ́tò kírómósómù lórí tábìlì oúnjẹ

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní tí èèyàn ò bá ti kékeré gbájú mọ́ ìwádìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò lè dé ibì kankan nínú sáyẹ́ǹsì, Janet Rowley, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Páátì-táìmù ni màmá yìí fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún o! Ọmọkùnrin mẹ́rin ló bí, ó di ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn pé ọmọ ọdún 12 kó tó wá ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní New York, Chicago ló dàgbà sí, ọmọ ọdún 15 péré ló sì wọ Yunifásítì Chicago. Nígbà tó fẹ́ ka ìṣègùn, wọ́n ní àyè obìnrin ti kún, torí obìnrin mẹ́ta ni wọ́n ń gbà nínú akẹ́kọ̀ọ́ 65, ló bá dúró títí àyè fi yọ (ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa lọ). Ó gboyè dókítà ní 1948, ọjọ́ kejì ló ṣègbéyàwó.

Ní 1961 ọkọ rẹ̀ lọ ṣèwádìí ní Oxford, òun náà bá a lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo kírómósómù, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tín bí okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá tá a jogún. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó lọ bá Leon Jacobson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Chicago, ó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní maikirosíkóòpù, yàrá dúdú tóun á ti máa fọ fọ́tò, àti owó tóun á fi sanwó ẹni tó ń bá òun wo ọmọ. Wọ́n fún un.

Ibi tó dùn nínú ìtàn yìí gan-an rèé. Láti 1960 ni Peter Nowell àti David Hungerford ti rí i ní Philadelphia pé àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CML máa ń ní kírómósómù kékeré kan tó dà bíi pé ó gé kù, gbogbo ayé sì gbà pé èyí tó gé yẹn ti sọnù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ dájú, torí lábẹ́ maikirosíkóòpù ìgbà yẹn púpọ̀ nínú kírómósómù jọra wọn. Àfìgbà tí ọ̀nà tuntun dé, tí wọ́n ń fi aró kùn wọ́n, tí ìlà-ìlà sì ń yọ lára wọn bíi ti aṣọ òfì, ìlà tọ̀hún yàtọ̀ sí ti tìbí. Màmá bá ń kó fọ́tò wálé, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, á máa fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò ó ní méjì-méjì, àwọn ọmọ rẹ̀ wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọlángidi bébà ni màmá àwọn ń fi ṣeré tí wọ́n sì ń sanwó fún un lé e lórí.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe kírómósómù. Ní 1972 ló kọ́kọ́ rí i pé kírómósómù 8 àti 21 gé lára ara wọn, wọ́n sì fi pààrọ̀. Ló bá tún yẹ ti CML wò, ó rí i pé kírómósómù 9 gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó gé kúrò lára 22, ìyẹn kírómósómù kékeré ọjọ́sí, ò sọnù rárá, ara 9 ló lọ lẹ̀ mọ́! Ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní 1973. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò kà á sí, wọ́n ní jẹjẹrẹ ló ń ba kírómósómù jẹ́, pé kì í ṣe kírómósómù ló ń fa jẹjẹrẹ. Ó ṣáà ń gé fọ́tò tiẹ̀ lọ, ní 1977 ó tún rí ti 15 àti 17.

Nígbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé ibi tí 9 àti 22 ti so pọ̀, jíìnì méjì (ìyẹn apá kírómósómù tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe) ló dì mọ́ra níbẹ̀, BCR àti ABL, èròjà tí wọ́n jọ ń ṣe ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kó máa pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Oògùn oníhóró imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, èròjà yẹn gan-an ló ń dí lọ́wọ́, àìsàn tó ń tètè pa èèyàn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ń lo oògùn sí tí wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ.

Kẹ̀kẹ́ ni màmá ń gùn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì-ẹ̀yẹ tó gbà, títí dórí èyí tí Obama fi kọ́ ọ lọ́rùn ní 2009. Ó kú ní 2013, ọmọ ọdún 88.

Ẹ sì mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé tiwa, tó kàwé dókítà jáde n'Íbàdàn ní 1980, ọ̀dọ̀ Rowley ló ti kọ́ṣẹ́ ìwádìí ní Chicago kó tó dá klíníkì sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń rìn nínú ẹbí wọn? Màá kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, kò ṣeé kó mọ́ èyí.