Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Omi Kò Gbé Wa Lọ

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí físà ìlú Ọba yìí bá fi lè bọ́ sí i, n kò ní dákẹ́. Àná ni mo gba pásípọ́ọ̀tù mi padà ní Àbújá. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lugbe ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, omijé kò sì jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 yìí, ilé ìwé kan nílùú Ọba gbà mí fún oyè máásítà, oṣù Kìíní ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti du físà yìí rí mọ bó ṣe rí. Yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, wọ́n á fẹ́ rí owó tí ẹ ó fi gbé ayé lọ́hùn-ún, ní ọdún 2022, póùn 1,023 lóṣù fún oṣù 9 ni, bí ilé ìwé yín kò bá sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Póùn 9,207 nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá dín lọ́jọ́ kan péré, ẹ ó tún kíkà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Kàbbà la tà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi dáwó kún un, ó pé rẹ́gí, kò ṣẹ́ kù. Mo gbé káàdì ATM mi fún ẹ̀gbọ́n mi kí n má baà fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni owó ilé mi tán ní Adankolo ní Lọ́kọ́ja. Onílé ní kí n san ti ọdún kan tàbí kí n kó jáde. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin bá kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ ojú omi bàbá wa. Ọkọ̀ onígi tó fi ń kó iṣu àti èrò lọ sí Ìdá ni. Orí ilẹ̀ ló wà létí Odò Ọya ní Kabawa, a fi igi gbé e dúró, òrùlé páànù díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ará Tápà, tí òun àti bàbá wa jọ ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un, ló ń tún un ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò wọ́n. Wọ́n á lọ́ òwú bí okùn, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tì í sáàárín pákó méjì, wọ́n á máa fi òòlù igi gbá a, kó, kó, kó, títí òwú á fi wọlé tán. Ìgbà yẹn ni wọ́n á da ọ̀dà gbígbóná lé e. Òórùn ọ̀dà wà nínú irun wa àti nínú oúnjẹ wa.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, omi dé. Ọ̀dọ̀ wa ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Òjò tó rọ̀ lókè àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti odò tí wọ́n sé ní Lagdo ní Kamẹrúùnù, Lọ́kọ́ja ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Àyè pákó méjì ṣì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Owó tí a ó fi ra pákó kò sí lọ́wọ́. Owó wà ní báńkì lórúkọ mi o, omi sì ti dé ibi igi tó gbé ọkọ̀ dúró, ọjọ́ 19 péré la tíì kà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó jẹ́ kí n yọ díẹ̀. Ó dákẹ́ lórí fóònù. A ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà fi ru pákó méjì dé. Èyí tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ọkọ̀ tara wọn ni.

A kò sùn. Àbúrò mi ń tan tọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ́ òwú, mo ń da ọ̀dà. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá kan ìṣó kan ni wọ́n ń sọ pé Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Ìdájí ni omi gbé ọkọ̀ nílẹ̀. A so ó mọ́ igi máńgòrò kan, a ń gbọ́n omi lọ́sàn-án lóru. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí ilé wọn ti rì wá bá wa níbẹ̀. Ó lé ní 600 èèyàn tí omi ọdún yìí gbé lọ ní Nàìjíríà. Ojú mi rí màbo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú nínú ọkọ̀ wa!

Orí omi ni ọjọ́ 28 pé sí. Fóònù ni mo fi kún fọ́ọ̀mù, bátìrì ẹ́ńjìnnì la fi ń gba iná sí i. Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé àyẹ̀wò ikọ́ fée (TB) tí mo ti ṣe ní Àbújá kí omi tó dé, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ní ìdérí ni wọ́n wà. Nígbà tí ọjọ́ tí n ó lọ tẹ ìka fún físà ní Àbújá kù sí dẹ̀dẹ̀, omi ti gé títì Àbújá ní Koton-Karfe, tírélà tò lọ súà. Bàbá ní kí a gbé ọkọ̀ wa. A gba ojú odò gòkè, omi ń ta wá padà, títí wọ́n fi gbé mi sọ̀ níbi tí mo ti rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Gwagwalada.

Ní Àbújá, ẹ̀rọ kò gba ìka mi. Ọ̀dà ti dì mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní, "Ẹ lọ fọwọ́ yín, mà, kí ẹ padà wá kí a tó tì." Ọṣẹ kò ràn án. Ìyá alákàrà kan níta ló bu òróró sí mi lọ́wọ́, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún fún mi ní ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ gba ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n ó gbé ọpẹ́ mi lọ sílé Ọlọ́run. Àbúrò mi ti ń fi ọkọ̀ náà kó èrò báyìí. Mo ti sọ fún un pé nínú owó tó bá kọ́kọ́ wọlé, pákó méjì tó nípọn ni kó rà, kó rù ú lọ bá Bàbá nílé wọn.