COBOL 1984 lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi

Nígbà tí àbúrò bàbá mi ń tú àpótí ìwé wọn, wọ́n fún mi ní ìdìpọ̀ bébà gbọọrọ kan, irú èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, COBOL, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ní 1984. Mo pinnu pé n óò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mi, kí n wò ó bóyá yóò tún jí.

Ọdún 1959 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí COBOL ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì mú púpọ̀ nínú ìrísí rẹ̀ láti inú FLOW-MATIC, èdè ètò tó ṣáájú rẹ̀ tí Grace Hopper àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Pẹ̀lú irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, mo ti rò pé wàhálà ni n óò fi rí kọ̀ǹpáílà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀fẹ́ ni kọ̀ǹpáílà GnuCOBOL, tí wọ́n ń pè ní OpenCOBOL tẹ́lẹ̀, ó sì wà lára ohun tí Ubuntu, irú Linux tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, tọ́jú fún ẹni tó bá fẹ́. Mo ṣí Terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ sudo apt install gnucobol3, mo dúró díẹ̀, ó parí. Gcc, ìyẹn kọ̀ǹpáílà èdè C, náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé èdè C ni GnuCOBOL máa ń kọ́kọ́ túmọ̀ COBOL sí, kó tó gbé e fún kọ̀ǹpáílà C láti ṣe ìyókù. cobc ni orúkọ tí a fi ń pe GnuCOBOL níbẹ̀; mo tẹ cobc --version, ó dáhùn, inú mi dùn. Àṣé ìyọnu ṣì ń bọ̀.

Alẹ́ méjì ni mo fi da ohun tó wà nínú bébà náà kọ sínú fáìlì tí mo pè ní owo.cob. Bí mo ṣe tẹ cobc -x owo.cob, àṣìṣe tú jáde bí eéṣú. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni: invalid indicator 'F' at column 7. IDENTIFICATION DIVISION ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, bó ṣe wà nínú bébà gẹ́lẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ìkeje. F ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí F ṣẹ̀.

Mo pe Dádì, bí a ti ń pe àbúrò bàbá mi. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lápá òsì ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ má bínú sà, mo rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fi wọ́n síbẹ̀ ni, mo ti yọ wọ́n kúrò.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ihò ni wọ́n ń lu sára káàdì láti fi kọ ètò nígbà tí COBOL dé, ìlà kan lórí káàdì kan, àyè 80 ló sì wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Àyè 1 dé 6 wà fún nọ́ńbà, kí ẹni tí ìdìpọ̀ káàdì bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí i tò padà. Àmì nìkan ló ń wà ní àyè 7: bí ìràwọ̀ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àlàyé lásán ni ìlà náà. Àkọlé ìpín ètò ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àyè 8 sí 11, àṣẹ gan-an ń bẹ̀rẹ̀ láti 12, kò sì gbọdọ̀ kọjá 72. Káàdì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka káàdì ni cobc ṣe ń ka fáìlì mi. Ẹni tó bá ń kọ ètò tuntun lè fi -free kún àṣẹ náà kó sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Èmi kò lò ó, nítorí bí Dádì ṣe kọ ọ́ ni mo fẹ́ kó rí.

Mo dá àwọn àyè náà padà, cobc sì dákẹ́. Ètò náà ṣiṣẹ́. Ni mo bá tún dán nǹkan kan wò: mo fi àyè tó fẹ̀ gba owó oṣù òde òní, 120000, mo sì fi àṣẹ MOVE gbé e sínú àyè tí Dádì kọ ní PIC 9(5)V99, ìyẹn nọ́ńbà márùn-ún fún náírà, méjì fún kọ́bọ̀. 20000.00 ló gbé jáde, láìjanpata. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà di ọ̀kẹ́ kan.

Mo tún pè wọ́n. Wọ́n ní, “Nígbà tí mo ń kọ ọ́, ta ló ń gba ọ̀kẹ́ márùn-ún lóṣù?”