Ohun tí mo fi ẹnu mi bàjẹ́ lórí Òkè Ìdànrè

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tíṣà bíi tèmi tẹ́ ẹ ti ń gba owó ìrìn àjò lọ́wọ́ àwọn òbí, ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àwọn ọmọ JSS 2 mi ò gbọ́ra wọn yé rárá. Ìjà lónìí, yẹ̀yẹ́ lọ́la. Mo ní bí wọ́n bá jọ gun òkè, wọ́n á mọ ara wọn lò. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀: láti 1951 ni wọ́n ti ń fi òkè àti òkun kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Man O' War Bay lápá Kamẹrúùnù, kí wọ́n tó gbé e wá sí Shere Hills nítòsí Jos.

Ọmọ 26, tíṣà mẹ́ta, ó di Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600 kéèyàn tó dé ìlú àtijọ́ lókè.

A ò tíì dé ìdajì tí ọmọbìnrin kan fi jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mà, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè wo ìsàlẹ̀." Mo jágbe mọ́ ọn: "Dìde jàre! Ọ̀lẹ! Àwọn tó kéré sí ẹ ti dókè!" Ẹnu èmi ló ti jáde o. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á lórin: "Ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ!" Àpáta náà ń gbè é. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Òótọ́ sì ni. Èmi tí mo fẹ́ pa yẹ̀yẹ́ rẹ́ láàárín wọn, èmi ni mo fún wọn lórúkọ tí wọ́n fi ṣe é.

(Ẹ má bi mí pé níbo làwọn tíṣà tó kù wà. Ọ̀kan ti wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ tí bàtà rẹ̀ já. Oòrùn sì ti mú.)

Ọmọkùnrin kan tí a máa ń lé jáde ní kíláàsì ló sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó tì í, ó fún un lómi. Nígbà tó ṣe, wọ́n jọ ń ka àtẹ̀gùn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wọ́n dókè, a rí ààfin Ọwá àtijọ́, a padà sílé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ̀rù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ kó omi tó pọ̀ dání. Nísàlẹ̀ òkè, kí ẹsẹ̀ tó kan àtẹ̀gùn, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè dúró, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Tíṣà gan-an ò gbọdọ̀. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ẹnu mi ì bá wúwo. Ẹ tún jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá dé. Àwa ò ṣe é títí di Mọ́ńdè. Ọjọ́ náà ni mo bẹ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Àwọn kan lọ́fíìsì ní mo já ara mi wálẹ̀. Wọn ò sí lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Àpáta Olúmọ ló kàn ní sáà tó ń bọ̀. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá ó máa gùn ún. Ó ní rárá, òun á dúró nísàlẹ̀ ṣọ́ báàgì. Mo ní kò burú.