Ọdẹ Tó Mọ Ipasẹ̀ Erin Ni Igbó Nílò

Abo ọ̀yà a máa lóyún fún bí oṣù 5, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹfọ̀n ń gbé oyún tirẹ̀ fún bí oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo. Ti erin igbó kìjikìji tó oṣù 22. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a ti lé ní ọmọ 20 ọdún kí wọ́n tó bí àkọ́bí, ọdún 5 tàbí 6 ló sì máa ń wà láàárín ọmọ kan sí ìkejì. Ẹni tó bá pa abo erin kan lónìí, àlàfo tó dá sílẹ̀ kò ní dí títí ọmọ ọdẹ náà fúnra rẹ̀ yóò fi dàgbà.

Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, ṣì ní erin. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde pé erin igbó kìjikìji ti dín ju 86 lọ nínú 100 láàárín ọdún 31. Kí òkìkí ọdẹ erin máa wà nínú ìjálá. Ìbọn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi.

Ìmọ̀ ọdẹ ni kò gbọdọ̀ bá ìbọn lọ. Lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó Omo lónìí, ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n mọ ilẹ̀ kà. Ipasẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú erin máa ń rí roboto, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀. Ẹ fi okùn yí etí ipasẹ̀ iwájú ká, kí ẹ sì sọ gígùn okùn náà di ìlọ́po méjì: iye yẹn sún mọ́ gíga erin náà dé èjìká. Bí okùn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, erin náà ga tó mítà 2. Ẹ má wọ̀n ọ́n nínú ẹrẹ̀, torí ẹsẹ̀ á ti yọ̀, ipasẹ̀ á sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Bí ipasẹ̀ kékeré bá wà láàárín ńlá, ìyá àti ọmọ ni; ẹ yà kúrò lọ́nà wọn. Imí tó ń dán tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Ẹ tú u wò, ẹ lè bá kóró òro níbẹ̀. Erin a máa gbé kóró bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà kó tó yà á sílẹ̀ (kí ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ààpọ̀n rántí ìyẹn).

Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́ ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹni tó gbé ìbọn lè wo ẹran dáadáa kó tó yìn ín. Wáyà kò mọ̀ bóyá ẹ̀tu ló bọ́ sí i tàbí ọmọ erin. Erin lè fi agbára já a, ṣùgbọ́n èyí tó kù lára ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́jà rẹ̀ á máa gé ẹran wọlé títí ojú ọgbẹ́ yóò fi kẹ̀. Ẹ wá wáyà ní ọ̀nà tóóró tí ẹran ń gbà, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀ka dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Igi tín-ín-rín tó tẹ̀ kọdọrọ ni àmì. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ọ̀pá gígùn tú u, torí igi náà lè ta síni lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ gé wáyà kúrò, ẹ kó o délé. Èyí tí ẹ bá jù sílẹ̀, ẹlòmíì á tún un dẹ.