Dọ́là ò jẹ́ n sùn

Ẹ bá mi dúpẹ́, mọ́tò tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Houston ti jáde ní Tin Can, èbúté ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó. Àmọ́ ojú mi rí nǹkan o! Fẹ́búárì 2024 ló gúnlẹ̀, nígbà tí iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là níbodè ń yí bí ojú ọjọ́. Ajẹ́ńtì tó ń bá mi gba mọ́tò jáde á fi iye kan ránṣẹ́ láàárọ̀. Kí n tó rówó jọ, ó ti tún lé. Díútì, ìyẹn owó ibodè, 20%, léfì, ìyẹn àfikún owó ibodè, 15%, VAT 7.5% tún gorí ẹ̀. Kódà owó tí wọ́n fi gbé e wá nínú ọkọ̀ ojú omi wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣírò díútì lé lórí! Ìyàwó mi ní, “Olówó orí mi, ṣé mọ́tò kan náà la ṣì ń sanwó ẹ̀?” Mi ò fèsì. Báǹkì ni mo gbà lọ.